Sunny Adé wo ni kí ẹ rà? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ fowó ra orin rẹ̀ l'Àjàṣẹ́, Kétu tàbí Ṣábẹ̀

Ẹ wọ ọjà Wàńdó l'Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ ní kí wọ́n bá yín wá Sunny Adé. Odindi àpótí ni wọn yóò gbé síwájú yín: àwo ńlá, kásẹ́ẹ̀tì, CD, kílé (fláàṣì), gbogbo ẹ̀ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń ṣòfò. Láti 1967 tó ti dá ẹgbẹ́ Green Spots sílẹ̀ ni Sunday Adéníyì Adégẹ́yẹ̀, ìyẹn Sunny Adé, ti ń gbé àwo jáde, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ sì gbóná, ọdún kan kì í mọ sórí àwo kan. Ẹni tó bá ń ṣe tó báyẹn, gbogbo rẹ̀ kò lè dọ́gba. Òmíràn wà tí ẹ ó gbọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, òmíràn wà tí ẹ ó gbọ́ lẹ́ẹ̀kan tí ẹ ó fi ti ògiri. Páálí kò ní sọ fún yín èwo nìyí, èwo nìyẹn.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ojú àwo ni kí ẹ máa rà, ẹ má ra orúkọ. Lọ́dọ̀ Sunny, ojú àwo kan ni odindi iṣẹ́. Ojú kìíní lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àgbà, kí ojú kejì jẹ́ ohun tí wọ́n fi dí àyè. Ẹni tó bá gbọ́ ojú kìíní nìkan lọ́wọ́ òǹtajà, ìdajì ọjà ló yẹ̀ wò.

Ibi tí àìdọ́gba ti wá

Ìwọ̀n àwo ló kọ́kọ́ fà á. Àwo kékeré tó ń yí nígbà 45 ní ìṣẹ́jú kan ló fi bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lójú kan. Kò sí àyè fún àsọtúnsọ níbẹ̀: kí ó kí ènìyàn, kí ó sọ ohun tó fẹ́ sọ, kí ó jáde. Nígbà tí àwo ńlá tó ń yí ní 33 gba ọjà, ojú kan gba ìṣẹ́jú 15 sí 20, ó sì ń rán orin mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ láìdúró mí. Bí orin wọ̀nyẹn bá wọ inú ara wọn, ẹ kò ní mọ ìgbà tí ojú àwo parí. Bí wọn kò bá wọ inú ara wọn, etí yín á gbọ́ ibi tí wọ́n ti rán an.

Ìkejì ni owó. Orin òde ariya ni jùjú, ẹni tó bá náwó ni wọ́n ń kì, orúkọ rẹ̀ á sì bá wọn wọ inú àwo. Fún ẹni tó mọ Olóyè Lágbájá l'Ékòó, ó dùn. Fún ará Kétu tí kò rí i rí, ìṣẹ́jú 10 orúkọ gùn púpọ̀, àfi tí ohun tó wà lábẹ́ orúkọ bá dùn. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí ó bá ń ki ènìyàn, ẹ fi etí sí ìlù àti gìtá. Bí gángan bá ń bá a fèsì, tí gìtá sì ń yí padà, ẹ rà á. Bó bá jẹ́ pé ohun kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n ń dúró de owó ni.

Kí ló wá dé tí a fi ń rà á síbẹ̀? Ohùn rẹ̀ kì í pariwo. Ó ń kọrin bí ẹni tó jókòó tì yín, tó ń bá yín sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, tí àwọn elégbè wá ń gbè é lẹ́sẹ̀. Gìtá lè tó mẹ́rin márùn-ún, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Ìlà kékeré kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan mú, wọ́n wá hun ún bí ẹní. Lójú àwo tó dára, ẹ dúró de àárín: ohùn ènìyàn á kúrò, gìtá á dín kù, gángan á máa sọ̀rọ̀, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ á máa rìn lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń sin àlejò lọ. Lẹ́yìn náà ni gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ta, tí irin ń yọ̀ lórí okùn rẹ̀, èyí tí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ń ta, á fa ohùn gígùn kan kọjá lórí gbogbo wọn. Ìṣẹ́jú 3 bẹ́ẹ̀ tó owó àwo. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ máa ń wà nínú àwo tí kò dára tó pàápàá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ kì í lè jáwọ́.

Ìgbà mẹ́rin, ohùn mẹ́rin

Ìgbà kìíní ni ti African Songs, iléeṣẹ́ Olóyè Bọ́lárìnwá Abíọ́rò, láti 1967 sí 1974. Orin kúkúrú, gìtá gbígbẹ, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin. Orin bọ́ọ̀lù tó gbé e jáde ní 1968, Challenge Cup, wà níbẹ̀. Nínú gbogbo ìgbà rẹ̀, ìgbà yìí ló dọ́gba jù, nítorí ìṣẹ́jú 3 kò jẹ́ kí ó ṣìnà. Àbùkù rẹ̀ wà lára àwo fúnra rẹ̀: òde ariya ni wọ́n ti lu àwọn 45 wọ̀nyẹn pa, abẹ́rẹ́ wúwo ti họ ojú wọn. Bí kò bá jẹ́ pé ẹ ń kó wọn jọ fún àtijọ́, ẹ má wulẹ̀ dá ara yín lágara. CD kan wà, The Best of the Classic Years, tí iléeṣẹ́ Shanachie gbé jáde ní 2003. Ó kó orin 1967 sí 1974 pọ̀, wọ́n sì tún ohùn rẹ̀ ṣe. Ẹni tó fẹ́ fi CD kan ṣoṣo mọ Sunny, òun ni kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìgbà kejì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òun àti African Songs tú ká, tí ọ̀rọ̀ sì dé ilé ẹjọ́. Ó dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Sunny Alade Records, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń jẹ́ African Beats. Ibí ni ọrọ̀ wà, ibí náà ni àìdọ́gba ti pọ̀ jù. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbà kìíní: ti kìíní kò já yín kulẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé yín lọ jìnnà, tìkejì lè gbé yín dé ibi tí ẹ kò rò, ó sì lè fi yín sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí òǹtajà kò bá ní ẹ̀rọ tí yóò fi lù ú, ẹ wo ẹ̀yìn páálí. Bí ojú kan bá to orúkọ ènìyàn mẹ́rin márùn-ún, Olóyè tibí, Alhaji tọ̀hún, tí orin gidi níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, ojú ìkíni nìyẹn. Bó bá jẹ́ òwe, àdúrà tàbí ìmọ̀ràn ló pọ̀ nínú àkọlé, ó ṣeé ṣe kí ó dára. Ọgbọ́n yìí lè tàn yín jẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ó sàn ju kí ẹ máa wo àwòrán agbádá lọ. Bí ẹ bá rí The Message ti 1981 tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́, ẹ má jẹ́ kó kọjá.

Ìgbà kẹta ni ti Island Records, iléeṣẹ́ àwo nílùú òyìnbó. Àwo mẹ́ta péré ni: Juju Music ní 1982, Synchro System ní 1983, Aura ní 1984. Martin Meissonnier, ará Faransé, ló bá wọn darí iṣẹ́ náà. Lómẹ́ ní Tógò níhìn-ín ni wọ́n ti gba ohùn Juju Music sílẹ̀. Orin 7 ló wà nínú rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sì ti kọ nílé tẹ́lẹ̀ kó tó gé wọn kúrú fún àwọn òyìnbó. Ẹni tó bá ní The Message ti Nàìjíríà lè fi wé ti Island, níbi tí wọ́n ti so ó mọ́ 365 Is My Number. Ohun tó sọnù ni àyè: orin kò ní ìgbà láti sinmi, láti yà sí ẹ̀gbẹ́ kó tó padà. Ohun tó wọlé ni mímọ́: ẹ ó gbọ́ ìlù kọ̀ọ̀kan ní ipò tirẹ̀, ẹ ó gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ títí dé orí ìlẹ̀kẹ̀. Ja Funmi tó ṣí àwo náà, níbi tó ti ń bẹ orí rẹ̀, kò ní ìṣẹ́jú kan tó ṣòfò. A fi Juju Music ṣe kìíní nínú mẹ́ta yìí, Synchro System ìkejì. Synchro System yìí ni wọ́n fi dárúkọ Sunny fún ẹ̀bùn Grammy. Aura ló gbẹ̀yìn. Stevie Wonder fun hàmóníkà níbẹ̀, ó sì dùn, ṣùgbọ́n ìlù ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ onílù. Orin jùjú tí ìlù rẹ̀ kò mí, ó máa ń rẹ etí. Island fi í sílẹ̀ lẹ́yìn èyí.

Ìgbà kẹrin gùn, ó sì ṣòro jù láti rà. Nílé, bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù pọ̀ sí i láti ìparí àwọn ọdún 1980, àwo sì wà níbẹ̀ tí ẹ ó fi ọwọ́ tì. Mẹ́ta ni kí ẹ wá: Live Live Juju ti 1988, tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo ní Seattle l'Amẹ́ríkà, E Dide ti 1995, àti Odu ti 1998. Nínú Odu, ó padà sí orin àtijọ́ Yorùbá. Àwọn àgbàlagbà Kétu á rí ohun tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀bùn fún bàbá tàbí ìyá tó ti lé ní 60, Odu ni.

Àwo, kásẹ́ẹ̀tì, CD tàbí kílé?

Ìlú tí ẹ ń gbé wà lára ìdáhùn. Àjàṣẹ́ wà lẹ́bàá ọ̀sà, ọ̀rinrin ibẹ̀ pọ̀. Ọ̀tá kásẹ́ẹ̀tì ni: téèpù á bu, funfun á bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Páálí àwo náà á bu, ṣùgbọ́n àwo fúnra rẹ̀ ṣeé fọ̀. Ní Ṣábẹ̀, ọyẹ́ máa ń gbẹ, ó sì máa ń kó eruku wá láàárín òkè wọ̀nyẹn; eruku yìí ló ń wọ inú ìlà àwo, tí abẹ́rẹ́ á wá máa fi lọ̀ ọ́. Kásẹ́ẹ̀tì máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju l'Àjàṣẹ́ lọ. Kétu wà láàárín méjèèjì. Anfààní tirẹ̀ ni pé ẹnubodè Ìlárá kò jìnnà, ọjà ilé Nàìjíríà sì máa ń tètè dé. Láti oṣù Ògún 2019 tí Nàìjíríà ti ẹnubodè, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i ní ìparí 2020, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ló jẹ́ pé ẹ̀dà ni wọ́n ń tà. Àwọn ẹ̀dà náà ṣì wà lọ́jà.

Àwo ló ń mú ohùn gángan jáde jù. Ṣùgbọ́n àwo láìsí ẹ̀rọ tó dára, òfò ni. Àwọn ẹ̀rọ kékeré olówó pọ́ọ́kú tó dà bí àpótí, abẹ́rẹ́ wọn máa ń tẹ àwo tó gíráàmù 5. Ẹ̀rọ gidi kì í ju gíráàmù 1.5 sí 3 lọ. Iyàtọ̀ yẹn ló ń họ ojú àwo, àwo tí kò sì sí lọ́jà mọ́, ẹ kò ní rí òmíràn fi rọ́pò. Bí ẹ kò bá tíì ní ẹ̀rọ tó tọ́, ẹ ra CD báyìí, kí ẹ fi àwo sí ọjọ́ iwájú.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó jáde

Àwo: ẹ di etí rẹ̀ mú, ẹ má fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ẹ gbé e dábùú oòrùn òwúrọ̀, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ìlà tínínrín bí irun kò ṣe nǹkan. Èyí tí èékánná bá kọ́, abẹ́rẹ́ á fò níbẹ̀. Bí ojú àwo kò bá dán mọ́, tó ti rí bí eérú, abẹ́rẹ́ wúwo ti jẹ ẹ́. Fífọ̀ kò lè wò ó sàn, ibi tí ohùn bá ti ròkè ló máa ń ta bí epo gbígbóná. Ẹ wo etí ihò àárín: bí wọ́n bá ti fi ihò wá irin ẹ̀rọ lọ́pọ̀ ìgbà, ilà fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ á wà lórí pépà yíká ihò. Ẹ tẹ́ ẹ lórí gíláàsì, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá ti tẹ̀ díẹ̀ yí ká ṣì ṣeé gbọ́. Èyí tó bá gbé sókè lójijì ní ibì kan, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ rí i pé orúkọ ara pépà àárín bá ti páálí mu, nítorí páálí tó dára ni wọ́n sábà máa ń fi bo àwo tí kò dára. Bí ẹ̀rọ bá wà, ẹ ní kí ó gbé abẹ́rẹ́ sí ibi mẹ́ta lójú kọ̀ọ̀kan: ìbẹ̀rẹ̀, àárín, àti ìṣẹ́jú 2 tó gbẹ̀yìn. Ìparí ojú àwo ni ìpalára ti máa ń hàn jù, níbi tí ìlà ti fún pọ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì: ẹ wo orí rẹ̀ níbi tí àlàfo kékeré méjì wà. Ojúlówó tó wá láti iléeṣẹ́ kì í ní ike tó dí àlàfo yẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan lé e lórí. Orúkọ orin sì sábà máa ń wà lára ike rẹ̀ gan-an. Èyí tí pépà lílẹ̀ wà lára rẹ̀ tí ike sì dí àlàfo, ẹ̀dà ni. Ẹ wo inú ẹnu rẹ̀ fún fọ́ọ̀mù kékeré tó ń ti téèpù mọ́ orí ẹ̀rọ. Bó bá ti já bọ́, ohùn á máa wọlé, á máa jáde. Ó ṣeé tún lẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ fi já owó. Ẹ fi bírò onígun mẹ́fà yí i díẹ̀: bí ó bá ń lẹ̀ mọ́ra, ẹ má fi sínú ẹ̀rọ yín, á já síbẹ̀. Èyí tó ní ìṣó márùn-ún sàn ju èyí tí wọ́n lẹ̀ pa lọ, torí a lè ṣí i tún ṣe.

CD: ẹ yí i dojú dé. Fàdákà ni ojúlówó, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sì wà yí ihò rẹ̀ ká. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ búlúù tàbí àwọ̀ àlùkò, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìyẹn kì í pẹ́ nínú oòrùn wa.

Kílé, ohun tí àwọn ará Èkó ń pè ní fláàṣì, ló rọrùn jù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rẹ́ ènìyàn jẹ jù. Ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ wo ìwọ̀n orin. Ojú àwo ìṣẹ́jú 18 gbọ́dọ̀ tó MB 17 bí wọ́n bá kọ ọ́ ní MP3 oní 128 kbps (nọ́ńbà tó ń sọ bí ohùn ṣe kún tó), ó sì gbọ́dọ̀ tó MB 43 bó bá jẹ́ 320 kbps. Bí ẹ bá rí ìṣẹ́jú 18 tó jẹ́ MB 8, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa dún bí omi tó ń ṣẹ́ yọ. Bí ẹ bá sì rí ojú àwo tó parí ní ìṣẹ́jú 5, wọ́n ti gé e, orí nìkan ni wọ́n tà fún yín. Àárín tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kò sí níbẹ̀. Nígbà mìíràn orin kan náà á jẹ́ orúkọ mẹ́ta lórí kílé kan, kí iye rẹ̀ lè pọ̀ lójú oníbàárà. Ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ orin mẹ́wàá nínú wọn, kí ẹ tó gbà pé ọgọ́rùn-ún ni.

Ní ti iye owó: ọjà tó ti Nàìjíríà wá, náírà ni wọ́n fi rà á, sẹ́fà ni wọ́n fi ń tà á. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ owó lọ́jọ́ náà ṣáájú kí ẹ tó nájà. Bí ojú kan bá ti bàjẹ́, kí ẹ san ìdajì, torí ìdajì iṣẹ́ ni ẹ rí.

Ẹni tó ń rà á fún ìdí kan pàtó

Fún ìnáwó ilé, ojú àwo gígùn ti Sunny Alade ni, lórí kílé tí ẹ ti yẹ̀ wò; ìkíni tó gùn kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu níbi tí ènìyàn ti ń jó. Fún ẹni tó ń gbọ́ nìkan lálẹ́, Juju Music àti CD ti 2003. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ gángan, àwọn tó ń ra ìlù l'Àjárá, Live Live Juju ni kí wọ́n wá, nítorí ìlù ibẹ̀ ń dáhùn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú agbo. Ẹni tó fẹ́ tún un tà, àwo Sunny Alade tó mọ́, tó sì wà nínú páálí tirẹ̀. Ẹ má kó ẹ̀dà jọ.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé àwo délé, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́: omi tí wọ́n ń rọ sí bátìrì ọkọ̀, ìyẹn omi lásán tí kò ní ásíìdì, ẹ̀kán ọṣẹ abọ́ kan, aṣọ rírọ̀, kí ẹ máa tẹ̀lé ìlà yí ká, ẹ má dábùú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí omi kan pépà àárín. Ẹ dá a dúró títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan sínú kọ̀ǹpútà, ní WAV tí kì í gé ohùn kúrò, kì í ṣe MP3, kí ẹ kọ orúkọ, ọdún àti ojú àwo sí i. Ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ máa gbọ́ lójoojúmọ́. Ẹ to àwo lóòró, kó má fara kan ògiri tó ń rin, kó má sì wà níbi tí oòrùn ọ̀sán lè bá a.